Láptọ́ọ̀pù tuntun, ìgbóná oríṣi mẹ́ta: iṣẹ́ kan tó wọlé ní Ìkòròdú

Ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù yìí, fídíò òde àríyá ló ń ṣe. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú àgbà, ibi tí wọ́n bá ti ń wọ aṣọ ẹbí ní Ìkòròdú àti agbègbè ẹ̀, wàá rí i níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, tó bá wá délé á jókòó, á gé fídíò, á tò ó, á fi orin sí i. Agric ló ń gbé, yàrá kan nílé ìyá ẹ̀, òrùlé páànù, sílíǹgì fẹ́lẹ́. Láptọ́ọ̀pù tó ń lò tẹ́lẹ̀ ti gbó, ó kó àjọ, ó lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ó ra tuntun: pròsẹ́sọ̀ (ọpọlọ láptọ́ọ̀pù) Core i7-12700H, RAM 16GB, káàdì fídíò RTX 3050. Ẹ fi lẹ́tà H tó wà nídìí i7 yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà dé ibẹ̀.

Oṣù méjì ò tíì pé tó rà á tó fi gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Sábó. Ẹjọ́ tó rò ni pé ó ń gbóná ní gbogbo ìgbà. Fáànù ń pariwo, òkè kíbọ́ọ̀dù ò ṣeé fọwọ́ kàn, bátìrì ń tètè lọ, àti pé lọ́jọ́ kan tó gbé e lọ bá kọ́sítọ́mà kan ní Ìkẹjà, nígbà tó máa yọ ọ́ nínú báàgì, ooru tó fẹ́ sí i lójú, ó rò pé ó ti fẹ́ gbiná. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù bà á dé góńgó.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn èèyàn ti gbà á nímọ̀ràn, ẹ sáà mọ ilé wa. Ìyá ẹ̀ ní iná gen ló ń mú un gbóná, kó yéé fi gen lò ó. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ní kó máa ṣí fíríìjì kó gbé e síwájú ẹ̀, tàbí kó fi yìnyín tí wọ́n dì sínú náílọ̀nù sábẹ́ ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ra fáànù abẹ́ láptọ́ọ̀pù, èyí tó ń tan iná búlúù yẹn, kò rí ìyàtọ̀ gidi. Nígbẹ̀yìn ó gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún fóònù àti láptọ́ọ̀pù ṣe, ẹni yẹn ò tan nǹkan kan wò, ó kàn fọwọ́ kàn án, ó ní pésítì inú ẹ̀ (èyí tí wọ́n ń fi sáàárín pròsẹ́sọ̀ àti irin tó ń gbé ooru ẹ̀ jáde) ti gbẹ, òun máa tú u. Ohun tó gba ọmọ yìí sílẹ̀ ni sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ síkúrù kan nídìí ẹ̀, níbi tó ti rà á wọ́n ti sọ fún un pé tí sítíkà yẹn bá ya, kó má padà wá bá àwọn fún wárántì.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ gen kúrò nílẹ̀, tórí mo mọ̀ pé àwọn tó ń ka èyí náà gbà á gbọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ṣájà yín, wọ́n kọ 100–240V síbẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ni kó gba iná èyíkéyìí tó bá wà láàárín iye yẹn, kó sọ ọ́ di iná DC kékeré tí láptọ́ọ̀pù ń jẹ. Láptọ́ọ̀pù ò mọ̀ bóyá NEPA ni o, gen ni o, inverter ni o. Gen tí iná ẹ̀ ò dúró lè ba ṣájà jẹ́, ṣájà náà lè gbóná fúnra ẹ̀, ìyẹn lọ́tọ̀. Àmọ́ ojú ìyá yẹn ò purọ́ fún un o. Tí wọ́n bá tan gen, ọmọ ẹ̀ máa ń sáré, tórí owó epo, á ki láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ ti fẹ́ tán bọ ṣájà, ní ìṣẹ́jú kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í export fídíò, ìyẹn kó sọ èyí tó ti gé tán di fáìlì kan tó ṣeé fún kọ́sítọ́mà. Bátìrì tó ń gbaná pẹ̀lú agbára ń mú ooru tiẹ̀ wá, pròsẹ́sọ̀ ń mú tiẹ̀ wá, inú páálí kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. Òótọ́ ni pé ó ń gbóná nígbà tí gen bá wà lórí iná, gen kọ́ ló kàn jẹ̀bi.

Ti fíríìjì àti yìnyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Afẹ́fẹ́ Ìkòròdú kún fún omi, ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, irin tó bá ti tutù dáadáa ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, omi máa ṣẹ́ sí i lára, tó bá wá jẹ́ pé bọ́ọ̀dù inú láptọ́ọ̀pù ni omi náà ṣẹ́ sí nígbà tí iná wà lára ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìgbóná nìyẹn.

Mo bi í pé, "Àbúrò, ìgbà wo gan-an ló ń gbóná?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní gbogbo ìgbà."

Mo ní rárá, jẹ́ ká lọ díẹ̀díẹ̀. Tó o bá kàn tàn án tó ò tẹ nǹkan kan ńkọ́? Tó o bá ń wo fíìmù ńkọ́? Tó o bá pa á dé ńkọ́? Tó o bá ń export ńkọ́? Lórí kí lo máa ń gbé e sí? Bó ṣe ń dáhùn ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i pé ìgbóná mẹ́ta ló ń pè ní ọ̀kan. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé kò ṣe iṣẹ́ kankan tó kàn ń gbóná lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ó ti pa á dé, ó wà nínú báàgì. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n ti gbà á ló jẹ́ pé oògùn kan ni wọ́n fẹ́ fi wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí tí ọ̀kan nínú wọn ò fi ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Mo fi áàpù kan tó ń jẹ́ HWiNFO sí i. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń fi nǹkan mẹ́rin tí mo nílò hàn: ìwọ̀n ooru pròsẹ́sọ̀, iye wáàtì tó ń jẹ, ti káàdì fídíò, àti bóyá ó ti ń dín ìyára ẹ̀ kù fúnra ẹ̀ nítorí ooru, ohun tí wọ́n ń pè ní throttling. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ooru nìkan là ń wò. Ẹ wo wáàtì pẹ̀lú ẹ̀. Tí pròsẹ́sọ̀ bá wà ní 95 dígírì tó sì ń jẹ 90 wáàtì, iṣẹ́ ló ń ṣe. Tó bá wà ní 95 tó jẹ́ pé 25 wáàtì péré ló ń jẹ, nǹkan kan wà tí ò jẹ́ kí ooru jáde, ìgbà yẹn lèèyàn lè wá sọ̀rọ̀ pésítì, tàbí fáànù tí ò yí, tàbí irin ìfoorujáde tí wọn ò dè mọ́lẹ̀ dáadáa láti fáàtìrì.

Ìgbóná àkọ́kọ́. Mo ní kó gbé e kalẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e sí nílé. Mi ò ní bẹ́ẹ̀dì ní ṣọ́ọ̀bù, tìmùtìmù àga la lò. A ò ṣí nǹkan kan, a kàn ń wò ó. Ó gun 71 dígírì, wáàtì ẹ̀ ń lọ sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ 20. A gbé e sórí tábìlì lásán, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 63. Nítorí náà tìmùtìmù ń dá kún un, ihò tí láptọ́ọ̀pù yìí fi ń fa afẹ́fẹ́ wọlé abẹ́ ẹ̀ ló wà, tí aṣọ bá bò ó, fáànù kàn ń pariwo lásán ni. Ó tún fi ráàbà bo kíbọ́ọ̀dù nítorí eruku, a yọ ìyẹn náà. Àmọ́ 63 láìṣe nǹkan kan lórí tábìlì, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo ṣí Task Manager. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé káàdì RTX yẹn ò sùn. Àwọn láptọ́ọ̀pù báyìí ní káàdì méjì, kékeré kan wà nínú pròsẹ́sọ̀ fún iṣẹ́ wẹ́wẹ́, ńlá yẹn máa ń sùn títí tí iṣẹ́ gidi á fi dé. Kí ló ń jí i? Àwòrán ojú skrín ni. Ọmọ yìí ti lọ gbé áàpù kan tó ń jẹ́ kí àwòrán ojú skrín máa rìn, ẹja ń lọ ẹja ń bọ̀, ó rẹwà gan-an o, àmọ́ gbogbo wákàtí tí láptọ́ọ̀pù fi wà lórí iná ni káàdì ńlá yẹn fi ń ya ẹja. Èkejì ni pé Windows ṣì ń ka àwọn fáìlì ẹ̀ sínú ìwé ìṣàwárí tiẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tuntun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa ń wa update, ó máa ń yẹ fáìlì wò bóyá kòkòrò wà nínú ẹ̀, ó máa ń to nǹkan jọ. Tiẹ̀ ò wá parí, tórí ọ̀sẹ̀ kan ò lè lọ kó má da fídíò tuntun gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ sínú ẹ̀.

A yọ ẹja kúrò. Ó dun ún díẹ̀, mo rí i lójú ẹ̀. A yọ fódà tó ń kó iṣẹ́ fídíò sí kúrò nínú ohun tí Windows ń kà. A wọ Settings, System, Display, Graphics, a fi búráúsà sí káàdì kékeré. A jókòó díẹ̀ ká rí bó ṣe máa rọlẹ̀. Ó wá sí 47, wáàtì ẹ̀ bọ́ sí 7, fáànù dákẹ́. Ó gbé etí sún mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì kú?"

Ìgbóná kejì, ti inú báàgì, èyí tó dẹ́rù bà á jù, òun gan-an ló sì le jù lọ́wọ́ mi lójú tèmi, tórí bátìrì lithium tó ń gbóná nínú báàgì tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Mo bi í pé tó bá fẹ́ jáde, kí ló máa ń ṣe? Ó ní òun á pa á dé, òun á kì í bọ báàgì. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe láti ìgbà tí láptọ́ọ̀pù ti dáyé nìyẹn, tẹ́lẹ̀ ó sì dáa. Tẹ́lẹ̀, tó o bá pa á dé, ó sùn, oorun tí wọ́n ń pè ní S3, pròsẹ́sọ̀ ti kú, RAM nìkan ló kù tó ń mí. Àmọ́ láti ìgbà Windows 8 ní 2012 ni Microsoft ti mú oríṣi oorun míì wá, orúkọ tó ń jẹ́ láti Windows 10 ni Modern Standby. Oorun yìí, ojú nìkan ló pa dé. Íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣì wà lára ẹ̀, ó lè máa gba iṣẹ́ wọlé, bíi ti fóònù. Tí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, ooru ẹ̀ ò tó nǹkan. Tí áàpù kan bá kọ̀ tí ò jẹ́ kó sùn, ó ń ṣiṣẹ́ nínú báàgì nìyẹn.

Mo ṣí Command Prompt, mo tẹ powercfg /a. Ó jáde pé S0 Low Power Idle, ìyẹn Modern Standby, nìkan ni láptọ́ọ̀pù yìí ní, S3 ò sí lára ẹ̀ rárá. Mo tún fi agbára Administrator tẹ powercfg /sleepstudy, èyí máa ń kọ ìròyìn sínú fáìlì kan tí búráúsà lè ṣí, ó ń sọ ìgbà tí láptọ́ọ̀pù pa ojú dé, iye bátìrì tó lọ, àti ẹni tí ò jẹ́ kó sùn. Ẹ̀yin ẹnjiníà, tí ẹ ò bá tíì máa lo èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tó kọjá ló máa fi hàn yín tẹ́ ò bá sọ nǹkan kan fún un, ẹ lè fi /duration 28 kún un kó padà sẹ́yìn sí i, ibi tí mo ti rí ọjọ́ Ìkẹjà yẹn nìyẹn. Láàárín ìgbà tó wọ ọkọ̀ ní Agric sí ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 tí gbogbo wa mọ̀, bátìrì láptọ́ọ̀pù tí wọ́n pa dé ti bọ́ láti 88 sí 41.

Ohun tí ọ̀rọ̀ fi yí padà rèé. Mo bi í pé íntánẹ́ẹ̀tì wo ló ń lò lórí láptọ́ọ̀pù? Ó ní hotspot fóònù òun ni. Ṣé ó máa ń pa hotspot yẹn tó bá ń jáde? Ó wò mí. Kì í pa á. Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀, láptọ́ọ̀pù wà lórí itan ẹ̀ nínú báàgì, àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀ láti Agric dé Ìkẹjà, láptọ́ọ̀pù ń wa update sílẹ̀ nínú òkùnkùn, pẹ̀lú fáànù tí ò ríbi fẹ́ sí. Ló bá tún sọ ohun tí ò tíì sọ fún mi látàárọ̀: dátà òun ń sáré tán lóṣù yẹn, ó tiẹ̀ ti bá àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ jà lórí fóònù pé wọ́n ń jí òun ní dátà. Ẹ ò rí nǹkan! Kọ́sítọ́mà ò ní sọ ti dátà fún ẹnjiníà láptọ́ọ̀pù, kí ló fẹ́ so ó pọ̀ mọ́ ìgbóná lọ́kàn ẹ̀?

Ohun tá a ṣe ò pọ̀. Mo tẹ powercfg /hibernate on, mo wá lọ sí Control Panel níbi tí wọ́n ti ń yan ohun tó máa ṣẹlẹ̀ téèyàn bá pa á dé, mo fi Hibernate sí i. Hibernate ń kó gbogbo ohun tó wà lójú RAM lọ sínú SSD, á wá kú pátápátá, tó o bá tàn án, ibi tó o dúró sí ló máa ṣí. Ó ń gba àyè lórí SSD, lórí RAM 16GB ó máa ń lọ sí bíi gígà mẹ́fà, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó jí ju ti oorun lọ. Ó ní òun ò rí wàhálà nínú ìyẹn. Mo tún ní kó máa yọ ṣájà kó tó pa á dé, kó má jẹ́ pé ó pa á dé tán kó wá yọ ọ́, kó sì dúró kí iná ara ẹ̀ kú kó tó kì í bọ báàgì.

Ìgbóná kẹta, ti export, ibẹ̀ ni mo ti lo àsìkò jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí èyí tó kù, tórí ibẹ̀ láptọ́ọ̀pù ò ṣe àìsàn kankan.

H tó wà nídìí 12700H yẹn túmọ̀ sí pé pròsẹ́sọ̀ alágbára ni, kì í ṣe ti láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà. Core 14 ló ní, ìyẹn àwọn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, mẹ́fà ńlá, mẹ́jọ kékeré. Intel kọ ọ́ pé 45 wáàtì ni ìpìlẹ̀ ẹ̀, ó sì lè gùn dé 115 tó bá ń sáré, ó wá fi 100 dígírì ṣe òpin ooru ẹ̀. Ẹ wo inú láptọ́ọ̀pù bí ilé ìdáná tó ní fèrèsé kan ṣoṣo: fèrèsé yẹn lè kó èéfín ààrò kan jáde wẹ́rẹ́, tí ẹ bá wá dáná sí ààrò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nítorí òde, ojú gbogbo èèyàn máa ta, kì í ṣe pé fèrèsé bàjẹ́. A fi fídíò ìgbéyàwó kan tó ti gé tán dán an wò. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó fò lọ sí 105 wáàtì, kí n tó ṣẹ́jú ó ti wà ní 99, 100, HWiNFO kọ Yes sí throttling, ló bá ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀ títí tó fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ 50 wáàtì, fáànù ń hu, ooru ẹ̀ sì ń ṣeré láàárín 93 sí 97.

Ẹlòmíì máa rí 100 dígírì yẹn, á ní ó fẹ́ jó. Kò fẹ́ jó. Pròsẹ́sọ̀ ló mọ òpin ẹ̀, ó ń sáré dé etí ẹ̀, ó ń padà, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé tí mo bá tú u tí mo fi pésítì tó dáa jù lọ́jà sí i, ó ṣì máa lọ sí 100 náà ni, á kàn fi wáàtì díẹ̀ sí i dé ibẹ̀. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan gan-an, ohun tí fáàtìrì fi sí i dáa ju pésítì ọjà lọ, òmíì jẹ́ irin olómi tó ń gbé iná, tó o bá jẹ́ kó kán sí bọ́ọ̀dù, o ti ra láptọ́ọ̀pù fún kọ́sítọ́mà nìyẹn.

Àmọ́ pé ohun kan kì í ṣe àìsàn ò sọ pé kéèyàn máa jókòó sínú ẹ̀. Ọwọ́ ń jó o, ariwo fáànù ń wọ inú ohùn tó ń gbà sílẹ̀, bátìrì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pròsẹ́sọ̀ sì ń jẹ nínú ooru yẹn, ooru ló sì ń tètè gbó bátìrì lithium. Mo wá fi sílẹ̀ fún un láti yàn.

Àkọ́kọ́, a gbé ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù sókè pẹ̀lú ọmọrí ìgò méjì. Ó yọ dígírì mẹ́rin kúrò. Fáànù tó ń tan búlúù yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ wò náà, kò ju ọmọrí ìgò lọ, tórí àárín ni fáànù tiẹ̀ wà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì abẹ́ ẹ̀ ni láptọ́ọ̀pù yìí ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀, kó yí láptọ́ọ̀pù dojú bolẹ̀ wo ihò ẹ̀ ná kó tó náwó.

Èkejì, turbo, ìyẹn bí pròsẹ́sọ̀ ṣe máa ń sáré kọjá ìpìlẹ̀ ẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Tí èèyàn bá fi Maximum processor state sí 99 nínú Power Options dípò 100, pròsẹ́sọ̀ ò ní sáré kọjá ìpìlẹ̀ ẹ̀ mọ́. Lórí láptọ́ọ̀pù Modern Standby, wọ́n sábà máa ń fi àyè yìí pa mọ́, ẹ tẹ powercfg -attributes SUB_PROCESSOR PROCTHROTTLEMAX -ATTRIB_HIDE kó jáde. A fi sí 99, a tún export fídíò kan náà. Ooru ẹ̀ ò kọjá 77. Ìṣẹ́jú 14 ló gbà tẹ́lẹ̀, ó wá gba 17. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ogún dígírì! Èmi tí mo ti ń ṣe é tipẹ́, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu bí pàṣípààrọ̀ yẹn ṣe rí, àwọn wáàtì ìparí yẹn, ooru púpọ̀ ni wọ́n ń mú wá, ìyára díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un.

Ẹ̀kẹta, áàpù tí fáàtìrì fi sínú láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀ ní ipò Performance, Balanced, Quiet. Orí Performance ló wà láti ọjọ́ tó ti rà á, ẹni tó tà á fún un ló fi síbẹ̀ kó lè fi hàn án pé ó ń sáré. Lórí Balanced pẹ̀lú turbo, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ 87, ìṣẹ́jú 15. A tún rí i pé ó ń lo pròsẹ́sọ̀ nìkan láti export, a yí i sí hardware encoding kí káàdì RTX lè gbé lára ẹrù náà, ìyẹn tún dín in kù.

Ó ní 99 lòun máa fi ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, tí kọ́sítọ́mà bá ń kánjú, òun á dá a padà sí 100. Mo ṣe fáìlì kékeré méjì sórí Desktop ẹ̀, ọ̀kan ń tẹ powercfg /setacvalueindex SCHEME_CURRENT SUB_PROCESSOR PROCTHROTTLEMAX 99, ìlà kejì ẹ̀ powercfg /setactive SCHEME_CURRENT, fáìlì kejì náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ 100. Ó pe ọ̀kan ní Jẹ́jẹ́, ó pe èkejì ní Kíákíá. Mo tún fi òpin bátìrì sí 80 nínú áàpù fáàtìrì yẹn, mo ní kó jẹ́ kí bátìrì dé ibẹ̀ ná kó tó bẹ̀rẹ̀ export, pàápàá tí gen bá wà lórí iná.

Ó padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kì í ṣe pé ó bàjẹ́, àmọ́ ó ní lọ́sàn-án ó ṣì ń dé 84 lórí Jẹ́jẹ́. Mo ní kó ra tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú kó fi sórí tábìlì. Yàrá ẹ̀ lábẹ́ páànù, lọ́wọ́ ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, 36 ni. Apple kọ ọ́ fún MacBook pé kéèyàn máa lò ó níbi tí ooru ò bá ju 35 lọ, ọ̀pọ̀ fáàtìrì tó kù náà ò jìnnà sí iye yẹn. Yàrá tó bá fi dígírì mẹ́wàá gbóná sí i, inú láptọ́ọ̀pù náà máa fi bíi mẹ́wàá gbóná sí i, kò sí sọ́fítíwíà tó máa bá èèyàn yanjú ìyẹn. Ó yí tábìlì kúrò lábẹ́ ibi tí oòrùn ń kàn sí, ó gbé e sójú fèrèsé, ó sì ń gbé iṣẹ́ ńlá sí àfẹ̀mọ́júmọ́. Ibi tá a bá a dé nìyẹn. Ọ̀sán ṣì máa ń gbóná.

Fún àwa tá a ń tún un ṣe: nínú iṣẹ́ yìí, mi ò tú síkúrù kan. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má tú láé o. Láptọ́ọ̀pù tuntun tó bá dé 90 pẹ̀lú wáàtì kékeré lórí tábìlì, tàbí tí core kan bá fi bíi dígírì ogún ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà, tàbí tí fáànù ẹ̀ ò yí, ẹ kọ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò wọn, kí kọ́sítọ́mà gbé e padà lọ sí ibi tó ti rà á pẹ̀lú fọ́tò yẹn, wárántì ló ni í. Tí touchpad bá ń wú sókè tàbí ìdérí ò pa dé dáadáa mọ́, tàbí òórùn dídùn kan tó ṣàjèjì ń jáde, bátìrì ti ń wú, ẹ pa á, ẹ má fi ṣájà sí i, ẹ má sì gún un. Àwọn ìyẹn ò ní dúró de HWiNFO.

Ohun tó máa ń le ni owó. Nígbà tá a parí, ó bi mí tìtìjú-tìtìjú pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tú nǹkan kan, ẹ ò pààrọ̀ nǹkan kan, èló ni mo máa wá san?" Mo ti sọ owó àyẹ̀wò fún un kó tó jókòó, bóyá mo tú u o, bóyá mi ò tú u o, iye yẹn náà ló san. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ọ̀fẹ́ ló yẹ kí n ṣe é, tórí mi ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ẹnjiníà tó máa tú láptọ́ọ̀pù tí ò yẹ kí wọ́n tú, tórí kí kọ́sítọ́mà lè rí síkúrù nílẹ̀ kó tó gbà láti sanwó, wọ́n pọ̀ ní ìlú yìí. Báyìí mo ti kọ owó àyẹ̀wò sára ògiri, lókè tábìlì, ẹni tí ò bá tẹ́ lọ́rùn á ti rí i látẹnu ọ̀nà.